Ẹ Má Fi Ẹsẹ̀ Ẹlòmíràn Wọ Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ bi ẹni tó ń dá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ìgbà àkọ́kọ́ léèrè bí yóò ṣe dé ibi tí yóò sùn. Èsì tí ẹ máa gbọ́ jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n mi á wá gbé mi ní éápọ́ọ̀tù." Ibẹ̀ gan-an ni ìkìlọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n kò nífẹ̀ẹ́ yín. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò sì lè kúrò níbẹ̀ títí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á fi dé. Ọkọ̀ ojú irin lè dá a dúró lọ́nà, bátìrì fóònù rẹ̀ sì lè kú. Ẹ̀yin á wá jókòó ti àpò ńláńlá méjì láti aago mẹ́fà ìdájí, ẹ ò mọ àdírẹ́sì, ẹ ò ní síìmù tó ń ṣiṣẹ́, náírà nìkan ló wà lápò yín. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fojú wá lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan á sún mọ́ yín, á ní òun ní ọkọ̀, ó tilẹ̀ lè fi Yorùbá kí yín. Ẹ má bá a lọ. Takisí dúdú Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni òfin gbà láyè láti gbé ẹni tó bá dá a dúró lójú títì. Ọkọ̀ yòókù, àfi kí ẹ ti pè é tẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń pe èrò kiri nínú pápákọ̀ ń rú òfin, iye tó bá sì wù ú ni yóò bù fún yín nígbà tí ẹrù yín bá ti wọ búùtù rẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti mọ ọ̀nà. Ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì yín dáadáa: ṣé Heathrow ni àbí Gatwick? Láti oṣù kẹta ọdún 2024 ni Air Peace ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Èkó lọ Gatwick, Gatwick sì jìnnà sí Heathrow gan-an. Ẹni tó ń dúró dè yín ní ọ̀kan kò lè tètè dé èkejì. Láti Heathrow, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Piccadilly á gbé yín dé àárín ìlú, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀ sí ti Heathrow Express tó ń sáré lọ Paddington. Láti Gatwick, ọkọ̀ ojú irin wà tó ń lọ tààrà sí Victoria. Ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ ń lọ sórí ìwé, pẹ̀lú póósìkóòdù rẹ̀, torí òpópónà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì yín máa ṣiṣẹ́ lókè òkun àti iye tó lè ná. Láti ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó bébà tàbí owó ẹyọ lọ́wọ́ èrò mọ́. Káàdì báńkì tàbí Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ níbẹ̀, ni.

Bí ẹ kò ṣe ní fi ẹsẹ̀ ẹlòmíràn rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má fi ọwọ́ yín gbé ẹrù ẹlòmíràn. Mo mọ̀ pé èyí le láàárín wa. Bí àdúgbò bá ti gbọ́ pé ẹ ń lọ Ìlú Ọba, ìyá kan á gbé ọ̀rá kan wá, á ní kí ẹ bá òun fún ọmọ òun, gàrí àti ẹja gbígbẹ lásán ni. Ojú á máa tì yín láti kọ̀. Ẹ kọ̀, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, ti rí oògùn olóró nínú oúnjẹ tí wọ́n fara balẹ̀ dì, ọwọ́ ẹni tí wọ́n bá ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń so. Ẹni tó fi rán an kò ní sí níbẹ̀. Bí oògùn olóró kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, òfin Ìlú Ọba kò gba ẹran, pọ̀nmọ́ tàbí wàrà láti ilẹ̀ wa. Oògùn tí ẹ̀yin fúnra yín ń lò ńkọ́? Ẹ fi í sínú páálí rẹ̀, kí ìwé dókítà wà pẹ̀lú rẹ̀, pàápàá Tramadol, torí òfin wọn ń ṣọ́ ọ.

Òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n á bi yín ibi tí ẹ máa gbé, ọjọ́ tí ẹ máa lò, ẹni tó ń gbọ́ bùkátà yín. Òótọ́ tí ẹ kọ sínú ìwé físà ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, títì. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Apá òsì ni ti Ìlú Ọba. Ojú yín á kọ́kọ́ lọ sí apá òsì nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọdá, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ni ọkọ̀ ti ń bọ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ọ̀dà títì. Ẹ má di fóònù mú létí títì pẹ̀lú. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníbátìrì ń já a gbà, wọ́n á sì ti lọ kí ẹ tó lanu. Ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó wo máàpù.

Ní Rye Lane, ní Peckham, ẹ máa gbọ́ Yorùbá bíi ti Mushin, ara á tù yín. Ẹ jẹ́ kó tù yín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun lè bá ẹni tó fi físà àbẹ̀wò wọ̀lú wáṣẹ́ ń fà yín sínú wàhálà: físà yẹn kò gba kí ẹ wá iṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má sanwó yàrá tí ẹ kò tíì fojú rí fún ẹni tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò. Bí àìsàn bá gbé yín dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò ga ju ohun tí ìtọ́jú náà ń ná ọsibítù lọ. 999 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún ọlọ́pàá àti áńbúláǹsì; ẹ há a sórí, torí fóònù ẹlòmíràn lẹ lè ní láti fi pè é.

Bí páàsípọ́ọ̀tù bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọlọ́pàá, kí ẹ wá lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue, nítòsí Trafalgar Square. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpò mìíràn, kí ẹ sì fi ìkejì sílẹ̀ nílé lọ́dọ̀ ẹni tó máa ń gbé ìpè lóru.