Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ẹgbẹ́ Lórúkọ

Ohun tí ẹ ó kọ́

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ ó ka àyọkà kan nípa orúkọ àwọn ẹgbẹ́ olórin, ẹ ó sì fún ẹgbẹ́ tiyín ní orúkọ tó pani lẹ́rìn-ín. Ẹ ó kọ́ bí a ṣe ń fi oní- àti a- ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ní ìparí, ẹ ó rí ìmọ̀ràn pẹ́pẹ̀pẹ́ mélòó kan tí ẹ lè lò lójoojúmọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka àyọkà náà sókè lẹ́ẹ̀kan láìwo ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un kà.

A. Àyọkà: Orúkọ lójú pátákó

Bí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì 192 ní Piccadilly, tí ẹ ń lọ sí ọ̀nà Stockport, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Ardwick. Níbẹ̀, nítòsí ọgbà kékeré tí wọ́n ń pè ní Ardwick Green, ẹ ó rí ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Apollo. Ọdún 1938 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ilé sinimá. Àwọn Beatles ṣeré níbẹ̀ ní ọdún 1963, títí di òní ni àwọn olórin sì ń ṣeré níbẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ tó bá ń bọ̀ ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sí iwájú ilé náà, kí ẹni tó jókòó sínú bọ́ọ̀sì lè kà á.

Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ní òrìṣà kan tó ni orin. Apollo ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ fún àgbàlagbà kan láti Ìbàdàn pé ẹ rí Apollo ní Ardwick, ó lè bi yín bóyá ẹ ti ra oògùn ojú. Ìdí ni pé ní Nàìjíríà, àpólò ni àìsàn tó máa ń mú kí ojú pọ́n, tó sì máa ń ran ẹlòmíràn. Àìsàn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1969, ọdún kan náà tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn lọ sí òṣùpá. Àwọn ènìyàn bá fi orúkọ ọkọ̀ náà pe àìsàn ojú. Orúkọ kan ṣoṣo: ó jẹ́ òrìṣà, ó jẹ́ ọkọ̀ òṣùpá, ó jẹ́ gbọ̀ngàn orin, ó sì tún jẹ́ ojú pípọ́n. Ẹni tó sọ orúkọ nìkan kọ́ ló ń fún un ní ìtumọ̀. Ẹni tó gbọ́ ọ náà ń fún un ní tirẹ̀.

Orúkọ sì lè yí padà. Ní ọdún 1887, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní àdúgbò yìí ń jẹ́ Ardwick A.F.C. Ní ọdún 1894, ó di Manchester City.

Àwọn olórin Yorùbá náà mọ eré yìí dáadáa. Ní ọdún 1957, I.K. Dáíró dá ẹgbẹ́ Morning Star Orchestra sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ di Blue Spots. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Sunny Adé, tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, pe ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Green Spots. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ méjèèjì mọ̀ pé àbúrò ń fojú sí ẹ̀gbọ́n lára. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ Sunny Adé di African Beats. Ebenezer Obey bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú International Brothers ní ọdún 1964, ó sì wá di Inter-Reformers. Fẹlá ni kò tilẹ̀ fẹ́ kí orúkọ kan pẹ́ lẹ́nu: Koola Lobitos ló kọ́kọ́ jẹ́, ó di Nigeria 70, ó di Africa 70, ó sì parí sí Egypt 80.

Orúkọ míì wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ronú sí. Síkírù Àyìndé Barrister sọ pé ara àwòrán òkè kan ní Japan, tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú, ni òun ti mú orúkọ orin òun: Fújì. Túndé Nightingale gba orúkọ ẹyẹ nítorí ohùn rẹ̀ tó tínrín tó sì dùn. Lágbájá ní tirẹ̀ fi ìbòjú bo ojú, ó sì mú ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tí a kò fẹ́ dárúkọ, ó fi í ṣe orúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kí ẹ rántí jù ni Moses Ọláìyá. Ó ní ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ibẹ̀ ni Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì kéré. Nígbà tí Ọláìyá wá yíjú sí eré ìtàgé, ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aláwàdà, òun fúnra rẹ̀ sì di Bàbá Sàlá. Lónìí, àwọn tó rántí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn yẹn kò pọ̀. Àwọn tó mọ Aláwàdà kò lóǹkà. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, gbogbo ilé ló sì gbọ́ ọ.

B. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀

- gàdàgbà: ní títóbi tí ojú rí kedere
- gbọ̀ngàn: yàrá ńlá tí èrò púpọ̀ lè jókòó sí
- fojú síni lára: kí ènìyàn máa wo ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe láti kọ́ ọ tàbí láti bá a díje
- ìbòjú: ohun tí a fi bo ojú kí a má baà dá ènìyàn mọ̀
- ìnagijẹ: orúkọ tí ènìyàn gbà lẹ́yìn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ

D. Gírámà: oní- àti a-

Oní- máa ń tọ́ka sí ẹni tó ní nǹkan, tó ń tà á tàbí tó ń fi í ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú i, oní- kì í yí padà:

ìlù → onílù
ìlú → onílùú

Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́ẹ̀lì míì, n di l, fáwẹ́ẹ̀lì iwájú á sì fara jọ ti ọ̀rọ̀ náà:

ata → aláta
àwàdà → aláwàdà
epo → elépo
ẹ̀rín → ẹlẹ́rìn-ín
owó → olówó
ọkọ̀ → ọlọ́kọ̀

Ẹ tún wo onílù àti onílùú. Onílù ń lu ìlù; onílùú ló ni ìlú. Bí ẹ bá gbé ohùn sókè ní ìparí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ti kúrò nídìí ìlù, ẹ ti jọba.

A- ní tirẹ̀ máa ń wá ṣáájú ọ̀rọ̀ ìṣe, ó sì ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣe nǹkan:

a + kọ + orin → akọrin
a + wa + ọkọ̀ → awakọ̀
a + mu + gààrí → amugààrí

Odidi gbólóhùn náà lè wọ inú rẹ̀. Fẹlá yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápò sí i: a + ní + ikú + ní + àpò, ẹni tó ní ikú nínú àpò. Ẹ rí i pé ní àpò di lápò, bí oní- ṣe di alá- nínú aláta. Òfin kan náà ni. Ẹ wo iṣẹ́ Bàbá Sàlá pẹ̀lú: adẹ́rìn-ínpòṣónú, a + dá + ẹ̀rín + pa + òṣónú. Òṣónú ni ẹni tí inú máa ń bí, tí kì í túra ká. Adẹ́rìn-ínpòṣónú ni ẹni tí òṣónú pàápàá kò lè rí kó má rẹ́rìn-ín.

E. Ìtàkùrọ̀sọ: Ní ibùdókọ̀ Ardwick Green

Ẹ kà á ní méjìméjì. Ẹ kíyè sí ẹni tó ń lo "ẹ" àti ẹni tó ń lo "o".

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìdúró.

ÌYÁ: O ṣé, ọmọ mi. Háà, o gbọ́ Yorùbá! Kí lo gbé kọ́ ẹ̀yìn yẹn?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Gìtá ni, mà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀ ni.

ÌYÁ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ pe orúkọ rẹ̀?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Àwọn Ọlọ́kọ, mà.

ÌYÁ: Yéè! Ṣé gbogbo yín lẹ ti lọ́kọ ni? Ẹ mélòó lẹ wà nínú ẹgbẹ́ náà?

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Mẹ́rin ni wá, mà. Ọkùnrin mẹ́ta, obìnrin kan. Kò sí ẹni tó ní mọ́tò nínú wa, bọ́ọ̀sì 192 ni gbogbo wa ń wọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ: *(ó ń rẹ́rìn-ín)* Ọkọ̀ lo fẹ́ sọ! Fa ohùn rẹ wálẹ̀: ọkọ̀, ọlọ́kọ̀. Ẹni tó wà nílé ọkọ ni ọlọ́kọ. Ẹni tó bá sì ní ọkọ́, àgbẹ̀ nìyẹn.

AKẸ́KỌ̀Ọ́: Ẹ ṣeun, mà. Àwọn Ọlọ́kọ̀.

ÌYÁ: Ehn-ehn! Ọlọ́kọ̀ tí kò ní ọkọ̀! Èyí dáa. Bọ́ọ̀sì ti dé. Ó yá, ọlọ́kọ̀, wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá yìí rẹ́rìn-ín. Àṣìsọ ló kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín. Ní ìgbẹ̀yìn, àwàdà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbèrò láti ṣe gan-an ló rẹ́rìn-ín sí. Ẹ̀rín kejì yìí la ń wá. Bí ẹlédè bá rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ fẹ́ kó ti rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ pé fáwẹ́ẹ̀lì yín àti ohùn yín ti bọ́ sí i. Kò sí ìdánwò kíláàsì tó lè sọ ọ́ fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ. Kí àwàdà má baà di èébú

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹgbẹ́ tí a fẹ́ fi pani lẹ́rìn-ín. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí orúkọ náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Sàlá fi aṣọ ara rẹ̀ àti awò ojú ràgàjì rẹ̀ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ara tirẹ̀ ló fi ṣeré. Àwọn Ọlọ́kọ̀ náà ń fi àìní tiwọn ṣeré. Oní- lè bọ́ síwájú àbùkù ara ẹlòmíràn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni àwàdà ti ń di èébú. Ẹ má ṣe é.

Èkejì, ẹ má fi oyè ọba tàbí orúkọ òrìṣà ṣe ẹ̀fẹ̀ níwájú ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ó ní ilé tí wọ́n ti ń bu ọlá fún un.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ yín lẹ lè fún ní ìnagijẹ, àgbà kọ́. Àní bí gbogbo ènìyàn bá ń pe àgbà kan ní ìnagijẹ rẹ̀, ẹ fi "bàbá", "ìyá" tàbí "ẹ̀gbọ́n" ṣáájú rẹ̀.

F. Ìmọ̀ràn pẹ́pẹ̀pẹ́ fún ojoojúmọ́

1. Ẹ má jáde ní Manchester láìmú agbòjò dání. Ohun kan náà ni agbòòrùn. Ẹni tí oòrùn ń pa ní Èkó ń fi í gba oòrùn. Òjò ni tiyín.

2. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó sọ, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ fi "ẹ kú" síwájú rẹ̀: ẹ kú òjò, ẹ kú òtútù, ẹ kú ìdúró. Wọn yóò dáhùn.

3. Ẹ má fi ọwọ́ tí ẹ fi gé ata rodo nu ojú. Ojú yín á pọ́n, wọn á sì ní ẹ ti kó àpólò.

4. Ẹ má da omi sí gààrí kí ẹ tó lọ wẹ̀. Yóò ti wú kí ẹ tó dé, ẹ ó sì wá ṣíbí dípò kí ẹ mu ún. Ẹ rántí: gààrí olómi tútù, mímu ni, ẹ̀bà, jíjẹ ni.

5. Bí ẹnì kan bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yín, ẹ má dákẹ́. Ẹ bi í pé, "Kí ni mo sọ?" Lẹ́yìn náà, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà sọ dáadáa. Ẹni tó bá dákẹ́ ti sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nù.

G. Ìdánrawò

1. Ẹ dáhùn: Kí ló dé tí àgbàlagbà láti Ìbàdàn fi lè béèrè oògùn ojú nígbà tó gbọ́ "Apollo"?

2. Ẹ fi oní- ṣe ọ̀rọ̀ láti ara ìwọ̀nyí: ẹja, ariwo, iṣẹ́, ọtí, ẹran. Ẹ ka ìkọ̀ọ̀kan sókè.

3. Ẹ tú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí palẹ̀ bí a ti ṣe fún Aníkúlápò: apẹja, agbòjò, adájọ́.

4. Ẹ sọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn Ọlọ́kọ, àwọn Ọlọ́kọ́ àti àwọn Ọlọ́kọ̀. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn.

5. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: ní mẹ́rinmẹ́rin, ẹ fún ẹgbẹ́ olórin yín ní orúkọ tó ní oní- tàbí a- nínú. Àwọn kan ti mú Olówó Ọ̀la, àwọn míì ti mú Aláriwo Jẹ́jẹ́ àti Amugààrí. Ẹ wá tiyín. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, kí ẹ sọ ọ́ fún ẹlédè kan, kí ẹ sì kọ ohun tó kọ́kọ́ sọ sílẹ̀. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ bi í léèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.