Ẹ̀sọ̀ Kọ́ Ni Gbogbo Nǹkan: Ìmọ̀ràn Lórí Àyọkà Inú Ìdánwò UCAT

Òwe tó sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ìtumọ̀ fún ẹni tó gbọ́ Yorùbá. Ohun tó yẹ ní títúpalẹ̀ ni bí àwọn òbí Yorùbá kan ní Stockwell àti Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ṣe sọ ọ́ di òfin fún ọmọ tó ń múra ìdánwò UCAT sílẹ̀, tí wọ́n ń kìlọ̀ fún un pé kó fara balẹ̀ ka àyọkà tán pátápátá kó tó wo ìbéèrè, tí ọmọ náà sì ń gbọ́ràn títí aago fi ń lù ú mọ́ ìdajì iṣẹ́.

UCAT ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan King's College London, fi ń yan àwọn tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìtọ́jú eyín; ọdún 2006 ni ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ orúkọ UKCAT, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ènìyàn sì lè ṣe é ní sáà ìgbaniwọlé kan. Verbal Reasoning, tí í ṣe apá tó ń dán òye kíkà wò, ní àyọkà 11 àti ìbéèrè mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 44, tí a gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 22 lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú méjì péré ló kan àyọkà kan pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìdánwò JAMB ni ọ̀pọ̀ òbí bẹ́ẹ̀ mọ̀, ìyẹn ìdánwò àjọ tí ìjọba Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní 1978 fún ìgbaniwọlé sí yunifásítì. JAMB a tilẹ̀ máa kéde ìwé ìtàn àròsọ tí ọmọ yóò ti kà sílẹ̀ nílé, irú bí The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ, èyí tí wọ́n lò ní 2025. Kò sí ìwé kankan tí a lè kà de UCAT. Ìbéèrè ni kí ọmọ kọ́kọ́ kà, kó di ọ̀rọ̀ kan tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ mú, bí orúkọ tàbí ọdún, kó fi ojú wá a nínú àyọkà, kó sì ka gbólóhùn tó wà pẹ̀lú èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ta kókó, kó mú ìdáhùn kan, kó fi àmì àsíá sí i, kó máa lọ, nítorí wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe.

Ibi tí ẹ̀sọ̀ ti wúlò gan-an ni ìbéèrè tí a ní kí ọmọ sọ bóyá gbólóhùn kan jẹ́ òótọ́, tàbí irọ́, tàbí pé a kò lè sọ. Irọ́ ni ohun tí àyọkà bá ta kò; a kò lè sọ ni ohun tí àyọkà kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ìbáà jẹ́ òótọ́ lóde ayé. Ká ní àyọkà kan sọ pé wọ́n ṣí Ilé-ìkàwé Peckham ní 2000, pé ó sì gba ẹ̀bùn Stirling, tí a fi ń yẹ́ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé sí, lọ́dún yẹn kan náà, tí kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbólóhùn tó bá sọ pé ilé náà lo ọdún márùn-ún kó tó gba ẹ̀bùn, irọ́ ni. Èyí tó bá sọ pé Will Alsop ni ayàwòrán rẹ̀, a kò lè sọ ni. Ọmọ Peckham tó mọ̀ pé Alsop ni lóòótọ́ yóò mú òótọ́, máàkì yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ti Leeds wá, tí kò dé Peckham rí, yóò gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ń dunni pé ọmọ tó mọ nǹkan púpọ̀ ni páńpẹ́ yìí tètè ń mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àyọkà tó sọ “ọ̀pọ̀” tí gbólóhùn sì yí i sí “gbogbo”: ọmọ tó fi gbogbo sùúrù rẹ̀ ṣòfò lórí àyọkà kì í ní ìyókù tí yóò fi ṣàkíyèsí irú rẹ̀.

Níbí ni òwe náà ti kùnà díẹ̀, nítorí ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ líle nìkan ní í ba nǹkan jẹ́, kò sì ka ohun tí ẹ̀sọ̀ fúnra rẹ̀ ń bà jẹ́ sí. Ìbéèrè tí ọmọ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní máàkì kankan, bó ti wù kí ó fara balẹ̀ tó lórí àwọn tó ṣáájú. Òbí tí ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ bá jẹ lógún, kó gbé aago sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 22, kó sì jẹ́ kí ọmọ máa fi àpẹẹrẹ ìdánwò tí àwọn tó ni UCAT gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ dánra wò. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ kọ́ òfin ló láǹfààní láti pa òwe náà bó ṣe wà, torí LNAT, ìdánwò tiwọn, fún ọmọ ní ìṣẹ́jú 95 fún ìbéèrè 42 lórí àyọkà 12, èyí tó ju ìṣẹ́jú méjì lọ fún ìbéèrè kan ṣoṣo.