Yíyan Ohun-Èlò fún Yàrá Ilé Ọmọláńgidi Aláṣà Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ìfáàrà

Ọmọ tí ó bá wo yàrá kékeré kan tí a kọ́ sínú àpótí, tí ó rí àga, tábìlì àti fìtílà inú rẹ̀, kì í béèrè bóyá òótọ́ ni. Ojú rẹ̀ ti rí i, ọkàn rẹ̀ sì ti gbà á. Ìdí nìyí tí àṣìṣe inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ fi léwu ju àṣìṣe inú ìwé lọ. Ẹni tí ó ka ìwé lè jiyàn. Ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan kì í sábà jiyàn. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìlànà tí a fi ń yan ohun-èlò fún yàrá ilé ọmọláńgidi tí a ṣe ní àwòṣe ìgbà àtijọ́. Èròńgbà rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ lè sọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ di ohun-èlò ìkọ́ni tí kò ní parọ́ fún ọmọ.

Ìtàn Ṣókí

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ilé ọmọláńgidi kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ní ìlú Amsterdam, láàárín nǹkan bí ọdún 1686 sí 1710, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ń jẹ́ Petronella Oortman ṣe ọ̀kan lọ́ṣọ̀ọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ńlá. Àwọn ọ̀jáfáfá oníṣẹ́-ọwọ́ ni ó gbé iṣẹ́ náà fún. Àní ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe àwọn àwo tánńganran kéékèèké inú rẹ̀ wá. Rijksmuseum ni ilé náà wà títí di òní.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edwin Lutyens ni ó ya àwòrán ilé ọmọláńgidi Ayaba Mary, tí wọ́n kọ́ láàárín 1921 sí 1924. Omi ẹ̀rọ ń ṣàn nínú rẹ̀, iná mànàmáná sì ń tàn. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley ní 1924, kí ó tó di ohun àwòrò ní ààfin Windsor.

Ìgbà ayé àwọn tí ó ni ilé méjèèjì yìí ni ilé náà ń fi hàn. Iṣẹ́ Narcissa Niblack Thorne ní Amẹ́ríkà yàtọ̀. Àwọn yàrá rẹ̀ 68 tí ó wà ní Art Institute of Chicago, tí àwọn oníṣẹ́-ọnà ṣe láàárín 1932 sí 1940, ń ṣe àfihàn yàrá ilẹ̀ Yúróòpù láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, àti ti Amẹ́ríkà láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, títí dé àwọn ọdún 1930. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú èyí kò lè gbára lé ohun tí ó wà láyìíká rẹ̀. Ìwádìí ni yóò ṣe.

Àwọn Ìlànà Yíyàn

(a) Ìwọ̀n: Yorùbá ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀ jù ni ìdá kan nínú méjìlá, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ bàtà kan di íǹṣì kan. Bí ìjókòó àga gidi bá ga ní íǹṣì 18, ti àga kékeré yóò jẹ́ íǹṣì kan àti ààbọ̀. Bí tábìlì gidi bá ga ní íǹṣì 30, ti kékeré yóò jẹ́ íǹṣì méjì àti ààbọ̀. Àwọn ohun-èlò kan tún wà tí a ṣe ní ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ nínú yàrá kan, ọmọláńgidi tí ó jókòó sórí àga yóò dà bí àgbàlagbà tí ó jókòó sórí àga ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Rúlà ni kí olùkọ́ fi yan nǹkan, kí ó má ṣe fi ojú lásán yàn án.

(b) Ìgbà: Kí a tó yan ohunkóhun, ó yẹ kí a mú ọdún kan pàtó. “Ayé àtijọ́” kì í ṣe ọdún. Bí a bá mú yàrá ìgbàlejò kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1770, àbẹ́là ni yóò tan ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Fìtílà elépo kẹrosíìnì kò lè sí níbẹ̀, nítorí pé àwọn ọdún 1850 ni irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀. Fọ́tò kò lè kọ́ sára ògiri rẹ̀, nítorí pé 1839 ni a kéde ọgbọ́n fọ́tò yíyà fún aráyé. Bákan náà, aṣọ tí a fi aró àlùkò oníkẹ́míkà rẹ kò lè sí lórí àga rẹ̀. 1856 ni William Perkin ṣe àwárí aró náà.

(d) Onílé: Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó ń gbé inú yàrá náà? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Èló ni owó rẹ̀ mọ? Yàrá oníṣòwò kò lè rí bí ti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń ṣìṣe: yàrá olówó nìkan ni wọ́n máa ń ṣe, ọmọ á sì rò pé gbogbo ènìyàn ìgbà náà ni ó ń gbé bẹ́ẹ̀.

(e) Ohun tó ti pẹ́ nílé: Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé tí ènìyàn ń gbé máa ń ní ohun tí ìyá-ìyá onílé fi sílẹ̀. Nítorí náà, àpótí ọdún 1700 lè wà nínú yàrá ọdún 1770, ṣùgbọ́n àga ọdún 1800 kò lè sí níbẹ̀. Ohun àtijọ́ lè wọ inú yàrá ọjọ́ iwájú. Ohun ọjọ́ iwájú kò lè padà sẹ́yìn.

(ẹ) Ohun tí a fi ṣe é: A lè dín àga kù, ṣùgbọ́n a kò lè dín fọ́nrán òwú kù. Àrán tí ó nípọn yóò dà bí kápẹ́ẹ̀tì lórí àga kékeré. Ṣẹ́dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó yẹ ẹ́. Igi tí ìlà ara rẹ̀ tóbi kò dára. Òdòdó tí ó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́fà lára aṣọ gidi gbọ́dọ̀ di ààbọ̀ íǹṣì.

Ohun tí Igi Inú Yàrá Náà Ń Sọ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí yàrá ọdún 1770. Igi mahogany, tí ó jẹ́ ìbátan ọ̀gánwó ilẹ̀ wa, ni wọ́n fi ṣe àwọn àga rere ìgbà náà. Wọ́n sì máa ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí a kò bá lò wọ́n. Ní 1721 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ owó-orí bodè kúrò lórí gẹdú tí ń wá láti àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí ni ó sì jẹ́ kí igi Jàmáíkà kún ọjà Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú ni ó ń gé igi náà. Àwọn bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké tí ṣúgà inú àwo tíì ti wá.

Olùkọ́ tí ó bá gbé àga àti àwo ṣúgà sílẹ̀ láìsọ ìtàn wọn ti ṣe yàrá tí ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò tíì ṣe yàrá tí ó jẹ́ òótọ́. Kò pọn dandan kí ó yọ wọ́n kúrò, ohun tí ó yẹ ni kí ó bi ọmọ pé: “Ọwọ́ ta ni igi yìí ti kọjá kí ó tó dé ibí?” Ìbéèrè kan yìí lè kọ́ ọmọ ju ojú-ìwé mẹ́wàá lọ.

Yàrá gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí

Pé ohun kékeré lè gbé òótọ́ ńlá hàn ti fara hàn nínú iṣẹ́ Frances Glessner Lee. Ní àwọn ọdún 1940, ó ṣe àwọn yàrá kéékèèké tí ikú ti ṣẹlẹ̀, láti fi kọ́ àwọn ọlọ́pàá ní ọgbọ́n ìwádìí. Méjìdínlógún nínú wọn wà ní Baltimore. Nínú wọn, kọ́tìnnì, àga àti ìkòkò orí ààrò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tí ọlọ́pàá ń ṣe níbẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé lè ṣe nínú kíláàsì: kí ó wo yàrá, kí ó sọ ohun tí ó rí, kí ó tó sọ ohun tí ó rò.

Ìlànà kan náà ni akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ yóò tẹ̀ lé bí ó bá fẹ́ fi páálí ṣe yàrá ilé bàbá-ńlá rẹ̀. Kí ó mú ọdún, kí ó wọn nǹkan, kí ó lọ bi àwọn àgbà léèrè. Bí ike bá wọ inú yàrá ọdún 1900, ọmọ yóò gbà pé ike ni àwọn baba ńlá rẹ̀ fi ń pọn omi.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìwọ̀n, ìgbà, onílé, ohun tó ti pẹ́ nílé àti ohun tí a fi ṣe nǹkan ni òpó márùn-ún tí yíyan ohun-èlò dúró lé. Bí olùkọ́ kò bá rí ohun tí ó yẹ, kí ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Àyè òfìfo ń mú kí ọmọ béèrè. Ohun tí kò yẹ ń mú kí ó gba irọ́ gbọ́.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Àga kan ga ní íǹṣì 36. Báwo ni yóò ti ga tó ní ìdá kan nínú méjìlá?
2. Dárúkọ ohun mẹ́ta tí kò lè sí nínú yàrá ọdún 1770, kí o sì sọ ìdí rẹ̀.
3. Mú ohun-èlò kan nínú ilé yín. Ta ni ó ṣe é, láti ibo ni ohun tí a fi ṣe é sì ti wá?