Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ẹ̀gẹ́ Fi Ń Wà Nínú Àpò

Nígbà tí a wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ní Odò-Ọwá, àwọn ìyá tí ń ṣe gàrí bi wá ní ìbéèrè kan: bí ọjà bá yá, ṣé ó burú kí a rin ẹ̀gẹ́ lónìí, kí a sì yan án lọ́la? Wọ́n ní àpò tí ó jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta, owó ni ó jókòó. Ìbéèrè náà tó ohun tí a ń fi ṣe ẹ̀kọ́.

Iṣu ni oúnjẹ àwọn baba wa ní Èkìtì. Àlejò ni ẹ̀gẹ́. (A kò ní kí ẹ̀bà gba ipò iyán o.) Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, àwọn Potogí ni ó gbé e dé Áfíríkà. Láàrin ọdún 1800 sí 1900, àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì padà wálé wà lára àwọn tí ó tan ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ ká ilẹ̀ wa. Ní Bùràsíìlì, àwọn onílẹ̀ a máa ki ẹ̀gẹ́ rírin sínú apẹ̀rẹ̀ gígùn kan tí wọ́n ń pè ní tipiti. Wọn a so ó kọ́, wọn a fà á nísàlẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán. Iṣẹ́ tí òkúta àti jáàkì ń ṣe fún wa náà ni. Ní ìlú Belém, wọn kì í da omi yẹn nù: wọn a sè é pẹ́, wọn a fi se pẹ́pẹ́yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mu ún láìsè, májèlé ni ó mu.

Sáyánáìdì ni orúkọ májèlé náà. Bí a bá ti rin ẹ̀gẹ́, oró náà a bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀. Bí ó ti ń kan nínú àpò ni ó ń tú sí i. Omi tí a fún a gbé púpọ̀ lọ, iná àgbadà a sì lé èyí tí ó kù. Ẹni tí ó gé ọjọ́ kù, ó fi oró sílẹ̀ fún ẹni tí yóò jẹ ẹ́.

Ní 1981, ọ̀dá mú ní Nampula ní ilẹ̀ Mòsáńbíìkì. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ni ó kù, ebi kò sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é dáadáa. Ó lé ní 1,000 ènìyàn, obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ wọn le gan, tí kò sì padà bọ̀ sípò. Ní Kóńgò, konzo ni wọ́n ń pe àrùn náà, èyíinì ni ẹsẹ̀ tí a so pọ̀.

Nílé níbí, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti UCH Ìbàdàn, kọ̀wé ní 1968 nípa àrùn mìíràn tí ń mú ẹsẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí ó sì ń ba ojú jẹ́. Ó tọ́ka sí jíjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ láìsí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà. Àwọn onímọ̀ tí ó tẹ̀lé e ṣì ń jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàrí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára.

Ní ti ọjà, ẹ pín iṣẹ́ yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rin ín sára àpò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ rin ní Mọ́ńdè, Tọ́sìdeè ni ẹ ó yan án. Ti Túsìdeè, ó di Fúráìdè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kìíní, gàrí yóò máa jáde lójoojúmọ́.