Kí Ẹ Tó Sọ Pé Bàálù Ogun Kan Ju Èkejì Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ọjọ́ Àìkú 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí bàálù ogun Nàìjíríà wọ Bẹ̀nẹ̀ láti lé àwọn ṣọ́jà tó fẹ́ gbàjọba kúrò nílé tẹlifíṣọ̀n ìjọba àti ní bárékè kan, ẹ ò jẹ́ kí n sinmi mọ́. Ìrọ̀lẹ́ kan kì í lọ kí ẹ má wá bá mi níwájú ilé ní Jóga-Orílé níhìn-ín, tẹ̀yin ti fóònù yín: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, JF-17 àti Super Tucano, èwo ló máa na èkejì?" Inú mi ń dùn sí i ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ikùn bàálù ogun, tó ń tú ẹ̀ńjìnnì, tó ń tò ó padà, kí ló tún fẹ́ bí kò ṣe kí ọmọdé bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀? Àwọn kan nínú yín ti ń kọ̀wé sí ìwé ìròyìn, àwọn kan ń múra àtiwọṣẹ́ ológun òfuurufú. Torí náà mi ò ní pọ́n yín lé: bí ẹ ṣe ń wọn bàálù kò dára.

Ẹ ń wo eré, ẹ ń ka mísáìlì, ẹ dájọ́. JF-17 lè sáré ju ìró lọ ní ìlọ́po 1.6. Super Tucano, abẹ̀bẹ̀ ló wà nímú rẹ̀, eré rẹ̀ kò ju nǹkan bí 590 kìlómítà lọ láàárín wákàtí kan. Lójú yín, ẹjọ́ ti parí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ná. Ká ní láti Ìkẹjà ni bàálù ti gbéra lọ sí Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, kò tó 120 kìlómítà. Super Tucano á débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. JF-17 lè lo mẹ́rin. Bó bá jẹ́ pé inú ọgbà kan láàárín ìlú ni àwọn tí ẹ ń wá wà, tí ilé àwọn aráàlú yí wọn ká, kí ni ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn fẹ́ ṣe fún yín? Bàálù tó lè máa yípo lókè fún wákàtí mẹ́ta, tí awakọ̀ rẹ̀ á ráyè wo ilẹ̀ dáadáa, ni iṣẹ́ yẹn ń fẹ́. Ní 17 oṣù Kìíní ọdún 2017, bàálù wa ju bọ́ǹbù sí ibùdó àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́. Àwọn tó kú ju 50 lọ dáadáa. Kì í ṣe eré ló sọnù lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe kọ̀wé nípa agbára bàálù kí ẹ má béèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ẹ bi àwọn ọdẹ wa. Ọdẹ kì í kọ́kọ́ béèrè ìbọn tó dún jù. Ẹran tó ń lọ pa ló ń rò, igbó tí ẹran náà wà, àti bóun á ṣe padà délé.

Ọ̀rọ̀ àtipadà délé yìí wúwo. Lọ́dún 1982, Bìrìtéènì àti Ajẹntínà jà lórí erékùṣù Falklands. Mirage III ti Ajẹntínà lè sáré ní ìlọ́po méjì ìró. Sea Harrier ti Bìrìtéènì kò lè bá ìró dọ́gba nínú eré. Síbẹ̀, Sea Harrier já bàálù bí 20 lulẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí bàálù Ajẹntínà já. Ọ̀nà ló jìn fún Ajẹntínà. Nígbà tí wọ́n bá fi débẹ̀, epo tó kù kò ju èyí tí wọ́n lè fi jà fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mísáìlì AIM-9L tó wà lọ́wọ́ Bìrìtéènì náà lè mú bàálù láti iwájú, kò dúró de ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ka eré nìkan, Ajẹntínà ló máa fún ní ẹ̀bùn.

Ẹ má tíì lọ jìnnà, tiwa wà nílé. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1969, Count Carl Gustaf von Rosen, ará Swídìn, kó bàálù MFI-9B márùn-ún wá fún Bìáfúrà. Bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 100 lọ. Wọ́n so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ apá rẹ̀, wọ́n ń fò lórí igi níbi tí rédà kò ti lè rí wọn. Ní ọjọ́ 22 wọ́n lu pápákọ̀ Port Harcourt, lẹ́yìn náà wọ́n lu ti ìlú Benin àti Enugu, wọ́n sì ba bàálù ogun ìjọba àpapọ̀ jẹ́ lórí ilẹ̀ níbi tó jókòó sí. Nàìjíríà ní MiG-17 nígbà náà, tí irú márùn-ún yẹn kò lè dojú kọ lófuurufú láé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ bàálù láìsọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń gbé e sí lálẹ́ àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Ẹ fi sínú ìṣirò yín.

Ẹ tún fi ọwọ́ tó ń tún un ṣe sínú rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nàìjíríà ra Jaguar 18 lọ́wọ́ Bìrìtéènì láàárín ọdún 1980 sí 1989. Bàálù tó dáńgájíá ni. Nígbà tó fi di 1991, owó ìtọ́jú kò sí mọ́, wọ́n gbé gbogbo wọn kalẹ̀. Èmi fúnra mi ti rí bàálù tó jókòó lọ́pọ̀ ọ̀sẹ̀ nítorí rọ́bà kékeré kan tí kò ju òrùka lọ, tí ẹni tó yẹ kó béèrè fún un kò tètè béèrè. Ojoojúmọ́ ni mo ń nu ara rẹ̀, ó ń dán, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ má ṣe béèrè iye bàálù tí orílẹ̀-èdè kan rà. Ẹ béèrè iye tó lè gbéra láàárọ̀ yìí. JF-17 wa jẹ́ mẹ́ta, Makurdi ni wọ́n ti fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Bí ọ̀kan bá wà lábẹ́ àtúnṣe, tí èkejì ń kọ́ awakọ̀ tuntun, mélòó ló kù fún ogun?

Awakọ̀ náà ńkọ́? Ní 18 oṣù Keje ọdún 2021, àwọn agbébọn fi ìbọn já Alpha Jet wa lulẹ̀ ní ààlà Sàmfárà àti Kàdúná. Flight Lieutenant Abayomi Dairo bẹ́ jáde pẹ̀lú àga, ó fi ara pamọ́ fún wọn, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ṣọ́jà láàyè. Ìwé tí ẹ ń kà kò ní ìlà kankan fún ẹ̀kọ́ tó mú un délé, bẹ́ẹ̀ ó wà lára agbára bàálù.

Ẹ sì máa ṣọ́ra fún ẹnu àwọn tó ń jà. Nígbà tí Íńdíà àti Pakístàn kọlu ara wọn lóṣù Karùn-ún ọdún 2025, kí ilẹ̀ tó ṣú àwọn kan nínú yín ti ń fi orúkọ bàálù búra. Íńdíà gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan pé òun pàdánù bàálù, kò sọ iye rẹ̀. Ẹ dúró de àwókù, ẹ dúró de nọ́ńbà ara rẹ̀, kí ẹ tó kọ ọ́.

Ní ti ìbéèrè yín: bí àwọn méjèèjì bá pàdé lófuurufú, JF-17 á já Super Tucano, torí ó ní rédà àti mísáìlì tí Super Tucano kò ní. Ṣùgbọ́n fún ogun tí à ń jà ní Bọ̀nọ́ àti Sàmfárà lónìí, Super Tucano 12 tó wà ní Kainji ni èmi á mú.