Owó Oògùn Àwọn Òbí Wa: Bí A Ṣe Ń Yan Ètò Medicare Part D

Owó orí, owó ilé àti owó ìfẹ̀yìntì la sábà máa ń gbé yẹ̀ wò ní ojú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, owó oògùn àwọn òbí wa ni mo fẹ́ ká jọ ṣírò, nítorí pé àṣìṣe ibẹ̀ kì í mú owó nìkan lọ, ó lè mú ìlera lọ pẹ̀lú.

Èmi fúnra mi ti ṣe àṣìṣe náà rí. Èmi ni mo yan ètò oògùn fún màmá mi fún ọdún 2019. Owó oṣooṣù nìkan ni mo wò. Mo mú èyí tó kéré jù, inú mi sì dùn pé mo ti dín ìnáwó kù. Àṣé oògùn tí màmá ń kán sójú kò sí lára àwọn oògùn tí ètò náà ń sanwó fún. Nígbà tí wọ́n gbọ́ iye tí wọ́n máa san, wọ́n rọra padà sílé, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù méjì gbáko ni wọn kò fi kán oògùn ojú. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè, wọ́n ní, "Ìnáwó tó wà lọ́rùn yín ti pọ̀ jù." Èmi tí mò ń bá àwọn oníṣòwò yẹ ìwé owó wò, n kò yẹ ti ìyá mi wò dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Kí ni Part D?

Medicare ni ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ fún ẹni tó ti pé ọdún 65, àti fún àwọn kan tí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́. Part A wà fún owó ilé ìwòsàn, Part B fún owó dókítà. Part D, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, wà fún oògùn tí a ń gbà ní ilé oògùn. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ló ń tà á, nítorí náà ètò kan kò bá èkejì dọ́gba. Ẹ lè rà á lọ́tọ̀, ó sì lè wà nínú Medicare Advantage.

Ẹni tó bá ní Part A tàbí Part B ló lè gbà á. Òbí tó wá kí wa pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò kò lè gbà á. Òbí tó ní green card, tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ tó níbí, gbọ́dọ̀ ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún léraléra kí ó tó lè ra Medicare.

1. Ẹ má jẹ́ kí àkókò kọjá

Oṣù méje ni ẹni tó ń pé ọdún 65 ní láti wọlé: oṣù mẹ́ta ṣáájú oṣù ọjọ́ ìbí rẹ̀, oṣù náà fúnra rẹ̀, àti oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ọdọọdún ni ìlẹ̀kùn máa ń ṣí láti ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù kejìlá. Ohun tí ẹ bá yàn yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún tuntun.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Ara bàbá le, wọn kì í lo oògùn." Ẹ ṣọ́ra. Ẹni tí àkókò rẹ̀ bá kọjá, tó sì wà láìní ètò oògùn fún ọjọ́ 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò san owó ìtanràn nígbà tó bá wọlé. Fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó fi jáfara, wọn yóò fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ìjọba gbé kalẹ̀ kún owó oṣooṣù rẹ̀. Ní ọdún 2026, iye náà jẹ́ $38.99. Bí bàbá bá jáfara fún oṣù 30, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ $11.70 lóṣù, ìyẹn $140.40 lọ́dún. Kì í ṣe ọdún kan o. Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń lo Part D ni.

Bí ibi iṣẹ́ bá ti fún yín ní ètò oògùn tó dára tó ti Medicare, kò sí ìtanràn. Ẹ gba ìwé tó ní ọ̀rọ̀ "creditable coverage" lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi pamọ́.

2. Oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà

Ẹ kó gbogbo ìgò oògùn òbí yín sórí tábìlì. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, bó ṣe lágbára tó, ìgbà mélòó ni wọ́n ń lò ó lóòjọ́, àti ilé oògùn tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ má gbàgbé oògùn ojú àti èyí tí wọ́n ń fà símú. Ẹ lọ sí Medicare.gov, ẹ kó wọn síbẹ̀, yóò sì fi àwọn ètò tó wà ní àdúgbò yín hàn pẹ̀lú iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ná yín lọ́dún.

3. Owó ọdún ni kí ẹ ṣírò

Ẹ jẹ́ ká fi ètò méjì ṣe àpẹẹrẹ. Èkíní ń gba $5 lóṣù, ìyẹn $60 lọ́dún, ṣùgbọ́n màmá yóò san $1,400 ní ilé oògùn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $1,460. Èkejì ń gba $45 lóṣù, ìyẹn $540 lọ́dún, ṣùgbọ́n $480 péré ni ti ilé oògùn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ $1,020. Èyí tó dà bí ọ̀wọ́n ló fi $440 dín.

Òfin ọdún 2022 ti mú kí nǹkan rọrùn díẹ̀. Oògùn insulin tó wà nínú ètò yín kò gbọ́dọ̀ ju $35 lóṣù. Ní ọdún 2026, bí ẹ bá ti fi $2,100 ra oògùn, ẹ kò ní san mọ́ títí ọdún yóò fi parí. Ṣùgbọ́n oògùn tí ètò yín kò gbà kò sí nínú ìṣirò yìí. Ìyẹn ló dé bá màmá mi: oògùn ojú wọn kò sí nínú ìwé.

4. Ẹ béèrè fún Extra Help

Òbí tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀ lè gba Extra Help lọ́dọ̀ Social Security. Ó ń dín owó oṣooṣù àti owó oògùn kù, ó sì ń mú owó ìtanràn kúrò. Wọn kì í ka ilé tí ẹ ń gbé tàbí ọkọ̀ yín mọ́ ohun ìní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni.

5. Bí wọ́n bá ń lọ sílé

Medicare kì í san owó oògùn tí a rà ní Nàìjíríà. Kí òbí tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ bá dókítà àti ilé oògùn sọ̀rọ̀ nípa oògùn ọjọ́ 90.

6. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún

Ètò tó dára lọ́dún yìí lè yọ oògùn kan kúrò lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé àyípadà máa ń dé nínú oṣù kẹsàn-án. Ẹ má sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Bí ẹnikẹ́ni tí ẹ kò pè bá tẹ̀ yín láago láti ta ètò, ẹ má fún un ní nọ́ńbà Medicare yín. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní SHIP, níbi tí wọ́n ti ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ sì lè pe 1-800-MEDICARE.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ pe àwọn òbí yín. Ẹ má kàn bi wọ́n pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" Wọn yóò ní àlàáfíà ni. Ẹ ní kí wọ́n ka orúkọ ara ìgò oògùn wọn fún yín, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè èwo ló ti tán.