Irú Akànṣẹ́ tí ó Yẹ láti Di Olùkọ́

Bí a bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé léèrè pé ta ni ó yẹ kí ó kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìjà ẹ̀ṣẹ́, kíákíá ni wọn yóò dáhùn pé ẹni tí ó ti ja ìjà náà, tí ó sì ti borí gbogbo ayé ni. Ìdáhùn yìí jọ òtítọ́, nítorí pé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ni à á ti kọ́ iṣẹ́ irin, a kì í sì í kọ́ ọdẹ ṣíṣe lọ́dọ̀ ẹni tí kò wọ igbó rí. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ ìtàn àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò wò fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ni kò dé adé ayé rí, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dé adé kò lè sọ ẹlòmíràn di nǹkan kan.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí a dá agbára tí ó tayọ mọ́, ara rẹ̀ ni ó ń bá a ronú. Ọwọ́ rẹ̀ á ti jáde kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀ pé ó yẹ kí ó jáde. Bí ọmọ-ẹ̀kọ́ bá wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ẹ ti ṣe é?" kò ní èsì kan ju pé, "Ṣe é bí mo ti ṣe é yìí." Àwọn ọmọ ilé-ìwé náà mọ irú olùkọ́ ìṣirò bẹ́ẹ̀: ìdáhùn ti dé ojú pátákó kí kíláàsì tó lóye ìbéèrè, inú a sì máa bí i pé ojú àwọn ọmọ kò là.

Joe Frazier, ará Amẹ́ríkà, fi èyí hàn wá. Òun ni ó borí gbogbo ayé láàrin àwọn akànṣẹ́ tí ó wúwo jù lọ. Ọ̀nà ìjà tirẹ̀ ni pé kí ó tẹ orí ba, kí ó máa wọlé tọ ẹni tí ó ń bá jà lọ láìdúró, kí ó sì máa yí ọwọ́ òsì gbá a láti ẹ̀gbẹ́. Ó bí ọmọkùnrin kan, Marvis, tí òun náà ń kan ẹ̀ṣẹ́. Nígbà tí Marvis ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ìjà òkèèrè ni ó mọ̀ ọ́n jà: á gbá, á sì yẹra. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gba iṣẹ́ ìkọ́ni náà ṣe, ó yí i padà sí ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1983, Marvis pàdé Larry Holmes ní Las Vegas. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ kò tíì pé tí rẹfirí fi dá ìjà náà dúró láti gba ọmọ náà sílẹ̀. Bàbá náà fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ púpọ̀, kò sí àní-àní níbẹ̀. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ara tirẹ̀ ni ó ń kọ́, kì í ṣe ara ọmọ.

Kì í ṣe pé ẹni tí ó dé adé kò lè kọ́ni rárá. Hogan Bassey, ọmọ agbègbè Calabar, tí ó gba adé ayé ní ọdún 1957 tí ó sì pàdánù rẹ̀ ní ọdún 1959, di olùkọ́ àwọn akànṣẹ́ Nàìjíríà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ènìyàn kékeré ni Bassey, ìwọ̀n tí a gbà fún irú rẹ̀ nínú ìjà kò ju 126 pọ́ọ̀nù lọ, ó sì ti ja ìjà púpọ̀ ní Nàìjíríà àti ní Liverpool kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Ẹni tí kò bá lè fi agbára nìkan là á já, dandan ni kí ó fi ojú àti ọgbọ́n kún un.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù lọ ni Eddie Futch. A bí i ní Mississippi ní ọdún 1911, ìlú Detroit ni ó sì ti dàgbà. Ní ọdún 1933 ó gba ife-ẹ̀yẹ Golden Gloves ti ìlú náà láàrin àwọn tí ìwọ̀n wọn kò ju 135 pọ́ọ̀nù lọ. Ilé ìdárayá tí ó ń lò, tí a ń pè ní Brewster, ni Joe Louis náà ń lò kí òkìkí Louis tó kàn ká gbogbo ayé. Louis ga jù ú, ó sì wúwo jù ú lọ́pọ̀lọpọ̀. Síbẹ̀ Louis a máa ké sí i pé kí ó wá bá òun jà fún ìdánrawò, nítorí pé Futch yára, bí òun bá sì ti lè rí i gbá, òun yóò mọ̀ pé ara òun ti yá. Lójú Louis, ìdánrawò ni. Lójú Futch kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀ṣẹ́ Louis kan ṣoṣo tó láti tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ní láti máa wo èjìká, kí ó máa wo ìgbọ̀nwọ́, kí ó máa wo bí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀, kí ó lè mọ ẹ̀ṣẹ́ tí ó ń bọ̀ kí ó tó dé. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là.

Nígbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun, àwọn dókítà gbọ́ ìró kan nínú ọkàn rẹ̀ tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀, ìjà sì parí fún un. Ẹlòmíràn ì bá fi ìbànújẹ́ kọ ilé ìdárayá sílẹ̀. Futch dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọdún 1958 ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀, Don Jordan, tó gba adé ayé; Futch ti lò ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ó tó rí ọjọ́ yẹn. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lára ẹni tí ayé ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ìgbà èwe.

Bí ọ̀bẹ ti wù kí ó mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Akànṣẹ́ tí ó wà lójú ìjà kò rí ara rẹ̀, kò sì rí gbogbo ara ẹni tí ó ń bá jà. Ẹlòmíràn ni ó gbọdọ̀ bá a rí i. Futch ṣàkíyèsí pé nígbàkúùgbà tí Muhammad Ali bá fẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ènìyàn láti ìsàlẹ̀ sókè, á kọ́kọ́ sọ ọwọ́ náà sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ á sì wà ní gbangba. Ó kìlọ̀ fún Frazier pé ìgbà náà gan-an ni kí ó yí ọwọ́ òsì gbá a. Ní New York, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1971, ẹ̀ṣẹ́ òsì náà gbé Ali ṣubú ní abala kẹẹ̀ẹ́dógún. Ken Norton kò jà bíi Frazier, nítorí náà ẹ̀kọ́ mìíràn ni Futch kọ́ ọ: bí Ali bá ti na ọwọ́ òsì tààrà, kí Norton na tirẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún tí Ali fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ kò ní sí níbi tí ó yẹ nígbà náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1973, Norton borí Ali, ó sì fọ́ ọ ní eegun àgbọ̀n. Ọ̀tá kan náà ni, ọmọ-ẹ̀kọ́ méjì, ẹ̀kọ́ méjì.

Ṣùgbọ́n ojú tí ó là nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, Frazier àti Ali pàdé ní ìgbà kẹta, lẹ́bàá Manila ní orílẹ̀-èdè Filipíìnì. Ooru ọjọ́ náà pọ̀ jọjọ. Ojú òsì Frazier ti ń ṣókùnkùn láti ọjọ́ pípẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi í pa mọ́ fún aráyé. Nígbà tí ìjà fi máa dé abala kẹrìnlá, ojú ọ̀tún tí ó fi ń ríran ti wú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Kò rí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Ali mọ́ títí yóò fi bà á. Abala kan péré ni ó kù, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Futch ní ó tó. Frazier bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ṣì lè jà. Futch kò gbà, ó dá a padà sórí àga. Títí di òní ni àwọn kan ń sọ pé ó ti rẹ Ali náà tó bẹ́ẹ̀ tí kì bá tí lè dìde fún abala tí ó kù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi ojú ọmọlọ́mọ ta tẹ́tẹ́ nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò yẹ kí a fi ọmọ lé e lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé adé mẹ́wàá ni ó ti dé.

Freddie Roach kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lára ara rẹ̀. Futch ni olùkọ́ rẹ̀. Ó jà ju ìgbà 50 lọ láti ọdún 1978, ìgboyà rẹ̀ sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ: á gba ẹ̀ṣẹ́ méjì kí ó lè gbá ẹyọ kan. Nígbà tí Futch rí i pé ara rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ó gbà á níyànjú pé kí ó fi ìjà sílẹ̀. Roach kọ̀, bàbá rẹ̀ ni ó dúró tì í nínú àwọn ìjà ìkẹyìn, ó sì pàdánù púpọ̀ nínú wọn kí ó tó fi ìjà sílẹ̀ ní ọdún 1986, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 26. Lẹ́yìn náà ni àrùn tí a ń pè ní Parkinson, tí í máa mú ọwọ́ ènìyàn gbọ̀n, mú un. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó jìn sí kòtò tí kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Roach padà tọ olùkọ́ tí kò gbọ́ràn sí lẹ́nu lọ, ó sì ń bá a ṣiṣẹ́ láìgba owó títí ó fi mọ iṣẹ́ náà.

Ní ọdún 1995 ó ṣí ilé ìdárayá tirẹ̀ ní Hollywood. Ní ọdún 2001, ọdún tí Futch kú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Filipíìnì tí ń jẹ́ Manny Pacquiao wọlé tọ̀ ọ́ wá. Roach wọ ìbọ̀wọ́ pẹlẹbẹ tí olùkọ́ fi í gba ẹ̀ṣẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́, abala kan ṣoṣo sì tó fún àwọn méjèèjì láti mọ̀ pé àwọn yóò jọ ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì ọmọ náà le bí òòlù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọwọ́ lásán. Roach kò fi ọwọ́ kan òsì náà. Ọwọ́ ọ̀tún ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́, lójoojúmọ́, fún ọdún mélòó kan, títí àwọn tí ń bá Pacquiao jà kò fi mọ èyí tí wọn ì bá ṣọ́ nínú ọwọ́ méjèèjì.